Oríkèé Ìka Tí Ó Bàjẹ́: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Yan Bí A Ó Ti Tún Un Ṣe?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ipò àti ọrọ̀ ènìyàn ni a sábà máa ń fi bá wí: pé olówó wà, tálákà wà, pé ọlọ́gbọ́n wà, òpè sì wà. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìka gan-an ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, ìka ẹlẹ́ran ara tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Bí jàǹbá bá ba oríkèé ìka ènìyàn jẹ́ kọjá ohun tí ìpara àti àgbo lè wò, tí oníṣẹ́ abẹ sì ní ọ̀nà mẹ́rin tí ó lè gbà tún un ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ohun tí yóò fúnni àti ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni, èwo ni ó tọ́? Ta sì ni ó yẹ kí ó yàn án: dókítà ni, ẹbí tí ó ń san owó ni, tàbí ẹni tí ó ni ọwọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni èyí, pé kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń lo abẹ ni ti dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wà fún, ohun tí à ń pè ní ara pípé, àti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wí pé "ó tó" tàbí "kò tó", ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Bí àwa tí a jókòó sí yunifásítì kò bá rò ó nísinsìnyí, ọjọ́ tí jàǹbá bá dé ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó, ìrora kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ro àròjinlẹ̀.

Agbègbè tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí jù ni gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè Olósùnta dé Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ níhà ìlà-oòrùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fọ́ kòkó yóò gbé èso sí ọwọ́ òsì, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún sọ àdá sí i. Bí àdá bá yẹ̀, ìka òsì ni yóò bá. Ẹni tí ó ń rin gbágùúdá yóò fi ọwọ́ tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò sì mọ gbágùúdá yàtọ̀ sí ìka. Ayùn ń bẹ ní sọ́ọ̀mílì tí ń la gẹdú, ṣakabùlà ń bẹ tí ó lè fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, ọ̀kadà sì ń bẹ tí ń gbé ènìyàn ṣubú lójú títì. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú jàǹbá báyìí kì í pa ènìyàn. Ìka kan tàbí méjì ni yóò mú, yóò sì fi ẹni náà sílẹ̀ láàyè pẹ̀lú ọwọ́ tí kò ṣe é ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí pé ẹ̀mí kò lọ, àwọn ènìyàn a máa wí pé, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìka lásán ni." Ọ̀rọ̀ yẹn, "ìka lásán", ni mo fẹ́ bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí oríkèé jẹ́. Ìka mẹ́rin ní oríkèé mẹ́ta mẹ́ta, àtàǹpàkò ní méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14 ní ọwọ́ kan. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, orí egungun méjì ni ó pàdé. Ohun funfun kan tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀, bo orí méjèèjì kí wọn má baà máa ha ara wọn; okùn ẹran líle sì dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹran tí ó ń fa ìka kò sí nínú ìka fúnra rẹ̀. Apá àti àtẹ́lẹwọ́ ni ó wà. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ti ibẹ̀ wọ inú ìka lọ, bí okùn tí a fi ń fa omi nínú kànga. Ìdí nìyí tí ìka fi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì já fáfá, ìdí náà sì nìyí tí ó fi ṣòro tún ṣe. Egungun lè jiná kí iṣan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìka náà yóò wá gan bí igi. Oríkèé àárín ni ó burú jù nínú èyí, nítorí òun ni a gbójú lé jù láti fi di nǹkan mú, òun náà ni ó sì tètè ń gan.

Ní ayé àtijọ́, bí oríkèé bá bàjẹ́ báyìí, a ó gé ìka náà ni tàbí kí a fi í sílẹ̀ kí ó gan. Ogun ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ́jú ọwọ́ fi di iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ní 1944 ni Sterling Bunnell, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí iṣẹ́ abẹ ọwọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú ogun kan náà ni ó di ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ní Èkó ní 1945. Láàárín àwọn ọdún 1960, Alfred Swanson ní ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà ṣe oríkèé ìka tí ó rọ̀ bí rọ́bà láti ara silicone. Ní 1965, ní ìlú Nara ní Japan, Komatsu àti Tamai rán àtàǹpàkò tí ó já pátápátá padà mọ́ ọwọ́. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni wọ́n fi rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń rán. Ní 1968, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Cobbett mú ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá, ó sì fi rọ́pò àtàǹpàkò tí ó ti sọnù. Láti ibẹ̀ ni a ti dé ibi tí a lè mú oríkèé kan ṣoṣo kúrò ní ẹsẹ̀ wá sí ọwọ́.

Lónìí, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà. Èkínní ni kí a gé ìka náà. Èyí ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ìkà nígbà gbogbo. Ẹran tí ó ń fa ìka àárín, ìka òrùka àti ọmọńdinrín so pọ̀ mọ́ra nínú apá. Bí ọ̀kan bá gan, ó lè fa àwọn yòókù sẹ́yìn tí gbogbo ọwọ́ kò fi ní lè di nǹkan mú dáadáa. Òwe wa wí pé ìka kan ní í tọ́ epo tí í ran àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú iṣan.

Èkejì ni kí a mú ohun tí ó bàjẹ́ kúrò láàárín egungun méjèèjì, kí a fi irin dì wọ́n títí wọn yóò fi di egungun kan. Oríkèé yẹn kò ní ká mọ́ títí láé, ṣùgbọ́n kò ní dunni, yóò sì lágbára. Dókítà kì í jẹ́ kí ó nà gbọnrangandan. Yóò tẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá àwọn yòókù di nǹkan mú. Fún oríkèé àárín, ó tó bí 40 dígírì ní ìka ìlábẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i títí dé bí 55 ní ọmọńdinrín.

Ẹ̀kẹta ni oríkèé àtọwọ́dá, irú èyí tí a fi silicone ṣe. Yóò ká, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti àbínibí; ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ líle lè ṣẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹrin ni kí a yá nǹkan lára ẹni náà fúnra rẹ̀. A lè bù díẹ̀ lára egungun ìsàlẹ̀ ọwọ́ kí a fi rọ́pò ojú egungun ìka tí ó fọ́, tàbí kí a mú odidi oríkèé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara kan náà ni, nítorí náà ó lè pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gùn, ó wọ́n, kì í sábà ká tó ti tẹ́lẹ̀, ó lè ṣàìmú rárá. Bí ó bá sì jẹ́ láti ẹsẹ̀, a ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ní gbèsè nínú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan dára ju gbogbo ìyókù lọ fún gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí lọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń yàn láàárín wọn kì í ṣe rere àti búburú. Agbára àti yíyí ni, ìtura àti ẹwà ni, ìyára àti ìfọgbọ́n-ṣe ni. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan báwọ̀nyí kò sí nínú àpótí dókítà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ènìyàn mẹ́ta tí oríkèé àárín ìka ìlábẹ̀ wọn bàjẹ́ ní ọjọ́ kan náà, bákan náà gẹ́lẹ́. Èkínní jẹ́ ìyá tí ń ṣe gàrí ní Ẹmùrẹ́. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ó lè di ọmọ ọpọ́n mú, kí ó gbé ẹrù, kí ó ro gàrí lórí iná láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí ìka má sì máa ta á. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé kí a so egungun pọ̀ ni ó tọ́: iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo, ìka tí ó dúró gírí, ìyá sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì jẹ́ onílù dùndún ní Ìkẹ́rẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ni ó fara pa. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń di kọ̀ǹgọ́ mú, ṣùgbọ́n òsì ni ó fi ń fún ọṣán tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń wá. Bí ìka bá gan lára ọwọ́ yẹn, ìlù lè máa dún, ṣùgbọ́n kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ lè di ìṣòro. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yan oríkèé tí ó rọ̀ tí kò sì lágbára, kí ó sì ní ojú òun là.

Ẹ̀kẹta jẹ́ agbẹ́gilére ní Ìsẹ̀. Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí a kò lè dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìsẹ̀ kí a má rántí Olówè. Wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873. Ó wá gbé Ìsẹ̀, ó di oníṣẹ́ ọnà ààfin Arínjalẹ̀, ó sì kú ní 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ojú àwọn ará ibẹ̀ wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fi gbà á, tí wọ́n sì ṣe àga ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ògògà dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé ìṣẹ́ ọnà ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá wo ilẹ̀kùn yẹn yóò rí i pé àwọn ère kò lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ pákó: wọ́n yọ síta, òyìnbó tí wọ́n gbé nínú àga ru, ọba tí ó jókòó, ìyàwó ọba tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ihò àti òjìji sì wà láàárín wọn.

Ọwọ́ wo ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ igi yóò sọ pé ọwọ́ tí ó lágbára ni, nítorí àáké àti òòlù ni ó rí. Ṣùgbọ́n ipele ipele ni iṣẹ́ igi. A ó kọ́kọ́ fi àáké là á kí ère lè hàn nínú igi; lẹ́yìn náà ni a ó máa dán an; ìkẹyìn ni fínfín, tí a fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀. Ní ilé agbẹ́gilére, ọmọṣẹ́ lè la igi, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ó ń parí iṣẹ́. Nítorí náà, dókítà tí ó bá rò pé iṣẹ́ agbára ni iṣẹ́ agbẹ́gilére yóò so egungun pọ̀ fún un, yóò sì rò pé òun ti ṣe oore. Ọ̀gá lè sọ fún un pé: "Mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta tí wọn yóò máa la igi. Ìka yìí ni mo fi ń darí ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ kí ó ká, kódà bí kò bá ní lágbára." Ọmọṣẹ́ tí ó ní jàǹbá kan náà lè sọ òdìkejì rẹ̀, nítorí àáké ni òun ń fi jẹun ní tirẹ̀. Ìka kan náà ni, iṣẹ́ kan náà, ilé kan náà, síbẹ̀ ìdáhùn yàtọ̀. Ta ni ó lè mọ èyí bí kò ṣe ẹni tí a bi?

Àwọn amòye Gíríìkì ti jiyàn lórí ọwọ́ rí. Anaxagoras ní nítorí pé ènìyàn ní ọwọ́ ni ó fi gbọ́n ju ẹranko lọ. Aristotle dá a lóhùn pé nítorí pé ènìyàn gbọ́n ni a fi fún un ní ọwọ́. Èdè tiwa kò pín wọn níyà báyìí. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé òun lè ṣe nǹkan, á ní apá òun ká a. Bí ohun tí ó ń lé bá di tirẹ̀, á ní ọwọ́ òun tẹ̀ ẹ́. Ìka ọwọ́ fúnra rẹ̀, ọmọ ni a ń pè é: ọmọ ìka. Bí mo ti rí i, ohun tí èdè yìí ń sọ ni pé ọwọ́ ni ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń bọ́ sínú ayé láti ṣe nǹkan níbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tún ọwọ́ ṣe láìbi olówó rẹ̀ léèrè dà bí ẹni tí ó tún ẹnu ọ̀nà ilé onílé ṣe láìmọ ibi tí onílé ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tí kò ní gbà fún mi lóhùn. Àwọn kan yóò wí pé Ọbàtálá ni alámọ̀ tí ó mọ ara, pé bí ó bá ti wù ú ni ó ń ṣe é, àti pé ẹni tí ó bá fi oríkèé ẹsẹ̀ sí ọwọ́ ń bá Alámọ̀ du iṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, nítorí òun ni ó kọ́ wa pé kí a má fi arọ, abuké àti àfín ṣe yẹ̀yẹ́: ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó kọ́ wa ni bí a ó ti máa bu ọlá fún ara tí kò rí bí ti ẹlòmíràn. Kò sọ pé kí a wo ẹni tí ẹ̀rọ gbá níka kí a sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Àwọn baba wa ń to eegun, wọ́n ń fi igi ṣe ọ̀pá fún arọ, kò sì sí ẹni tí ó pe èyí ní ìwà ìfojúdi sí òrìṣà.

Àwọn mìíràn yóò mú ọ̀rọ̀ ara pípé wá. Wọn yóò ní ó sàn kí ìka gan kí ó sì wà níbẹ̀ ju kí a gé e lọ, nítorí bí ènìyàn ti wá ni ó yẹ kí ó padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti tìtorí èyí kọ̀ láti jẹ́ kí a gé ìka tí ń ba ọwọ́ jẹ́. N kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ojú tí àwùjọ fi ń wo ọwọ́ tí ó ṣẹ́kù ní ìka mẹ́rin jẹ́ ohun gidi: ó wà níbi ìkíni, ó wà níbi oúnjẹ, ó sì wà lọ́kàn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ì lọ́kọ. Bí obìnrin bá mọ̀ pé ọwọ́ òun yóò sàn jù fún iṣẹ́ bí a bá gé ìka náà, tí ó sì ní òun fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, ó ti yàn. Ohun tí ó burú ni kí á fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà á kí ó tó mọ ohun tí ó ń yàn.

Àwọn ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó gbà pé dókítà mọ̀ ọ́n jù. Òtítọ́ ni, nípa egungun. Dókítà mọ ohun tí ó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe. Bí ó bá ní iṣan ti bàjẹ́ kọjá kí oríkèé lè ká, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti sọ ohun tí ó ṣeé ṣe, ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ̀kẹrin ni ẹbí, àríyànjiyàn wọn ni ó sì le jù. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń fi owó ara wọn wo àìsàn. Bí ìdílé bá ta kòkó, tí wọ́n yá owó, tí ẹ̀gbọ́n sọ owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ di owó iṣẹ́ abẹ, ṣé a lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́? N kò rò bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti sọ iye tí agbára wọn mọ, aláìsàn tí ó sì jẹ́ ọmọlúàbí kò ní béèrè ohun tí yóò sọ ọmọ ẹlòmíràn di aláìkàwé. Ṣùgbọ́n láàárín ohun tí owó bá ká, ohùn ẹbí jẹ́ ìmọ̀ràn, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù kí a tó bá a ké ọfẹ. Àwọn ẹbí yóò padà sílé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ni ìka ni yóò máa bá a jí ní àràárọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti dojú kọ òkè ni ti ọmọdé. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ̀rọ gbá níka. A kò lè bi í ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, nítorí òun náà kò ì mọ̀. Bàbá lè sọ pé àgbẹ̀ ni yóò ṣe, ìyá lè sọ pé dókítà ni. Èrò tèmi ni pé níbẹ̀, àwa tí a ń yàn fún un gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò fi ọ̀nà púpọ̀ jù lọ sílẹ̀ fún un. Egungun ọmọdé ṣì ń dàgbà láti ibì kan nítòsí oríkèé. Bí a bá yára so ó pọ̀, ìka náà lè kúrú. Oríkèé tí a mú láti ẹsẹ̀ ọmọ pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bá a dàgbà. Nítorí náà, ohun tí ó lè jẹ́ àṣejù fún àgbàlagbà lè jẹ́ ẹ̀tọ́ fún ọmọdé. Bí èyí kò bá sì ṣeé ṣe, kí a má ṣe ohun tí a kò lè tú mọ́ títí yóò fi dàgbà tó láti sọ tirẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo àlàyé yìí yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì. UCH ti wà ní Ìbàdàn láti 1957, Ìgbóbì sì wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ríran iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò nípọn ju òwú lọ ń fẹ́ awò, ó ń fẹ́ okùn tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, ó sì ń fẹ́ ènìyàn tí ó kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀. Irú wọn kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ti Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́ dìde láti wá a lọ sí Èkó yóò ná owó ọkọ̀, yóò pàdánù ọjọ́ iṣẹ́, yóò sì wá ibi sùn. Ọ̀pọ̀ kò ní lọ. Ẹni tí kò lè lọ, a kò lè sọ pé ó yan ohunkóhun.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ní bú àwọn tí ń to eegun ní ìgbèríko. Wọ́n wà nítòsí, owó wọn kò wọ́n, wọ́n sì mọ èdè aláìsàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ṣàìjẹ́ òtítọ́: bí a bá fi igi àti aṣọ di ìka tí ó wú pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀, ìka náà yóò dúdú, yóò sì kú, ọ̀nà mẹ́rin yóò sì di ọ̀kan. Bákan náà ni ohun tí a ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́. Kí á bọ́ òrùka kí ìka tó wú. Kí á fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Bí ìka bá já, kí á fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù wé e, kí á dì í sínú ọ̀rá, kí á gbé ọ̀rá náà lé omi dídì, kí omi dídì má kan ẹran ìka fúnra rẹ̀. Ohun kékeré nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń pa ẹ̀tọ́ àtiyàn mọ́ fún ẹni náà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdajì iṣẹ́ ni abẹ ń ṣe. Ìdajì kejì ni títẹ̀ àti nínà ìka lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù, bí olùtọ́jú bá ti fi hàn. Bí a kò bá ṣe é, oríkèé tí ó dára jù lọ láyé yóò gan. Báwo ni àgbẹ̀ yóò ti ṣe é nígbà tí igbó ń kún oko rẹ̀? Àwọn baba wa ti ní ìdáhùn sí èyí kí dókítà tó dé. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà. Bí a bá lè ṣe ọ̀wẹ̀ fún ẹni tí ń kọ́ ilé, a lè ṣe é fún ẹni tí ń kọ́ ìka rẹ̀ láti ká. Èyí gan-an ni ojúṣe ẹbí àti ará àdúgbò: kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ohun tí ó yàn lè bọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ń kọ́ ìṣègùn láàárín wa ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Ẹ ó kọ́ orúkọ egungun àti iṣan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Látìn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá aláta láti Ẹmùrẹ́ bá jókòó níwájú yín pẹ̀lú ọwọ́ tí a wé, ẹ kí i bí a ti ń kí ìyá ẹni. Kí ẹ tó gbé abẹ, kí ẹ tó ka iye owó fún un, ẹ bi í pé: "Màmá, kí ni ẹ máa ń fi ìka yìí ṣe?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán.